Ẹ Bi Màmá Nọ́ọ̀sì: "Kò Síbi Tó Ń Dùn Mí"

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lẹ́tà pọ̀ lọ́tẹ̀ yìí gan-an, mo jókòó tì wọ́n láti ìrọ̀lẹ́ títí wọ́n fi mú iná lọ, mo tan tọ́ọ̀ṣì kí n tó kà wọ́n tán, ohun tí mo wá rí ni pé ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ìyá oníṣu kọ ọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣẹ́ ọ̀fíìsì kọ ọ́, awakọ̀ kọ ọ́, ẹnì kan sì kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu ìyá ẹ̀. Wọ́n ní kò síbi tó ń dùn àwọn. Ọdún 33 ni mo fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì, a ṣì wà lábẹ́ Òndó nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, wọ́n dá Èkìtì sílẹ̀ lọ́dún 1996 mo ṣì wà lẹ́nu ẹ̀, ohun tí ojú mi rí ni pé ẹni tí nǹkan ń dùn máa ń fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wá bá wa lọ́sàn-án, ẹni tí kò síbi tó ń dùn ún ni wọ́n máa ń gbé wá lóru. Torí ẹ̀ ni mo ṣe mú lẹ́tà márùn-ún yìí jáde.

Láti Ìkẹ́rẹ́

"Ẹ káàsán Màmá. Iṣu ni mò ń tà nínú ọjà Ìkẹ́rẹ́ níbí, mo ti pé ọdún 58. Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé l'Ékòó wálé, ó bá mi nídìí iyán, ló bá fariwo ta, ó ní uyán yìí náà ló máa pa gbogbo yín ní Èkìtì, pé òun ti ra ọ́ọ̀tì wá fún mi. Màmá, látìgbà tí mo ti ní eyín lẹ́nu ni mo ti ń jẹ iyán, kò síbi tó ń dùn mí, àfi oorun tó máa ń kùn mí lẹ́yìn oúnjẹ, mo sì sanra díẹ̀. Ṣé kí n fi iyán sílẹ̀ lóòótọ́ ni?"

Ẹ kú ọjà o, àbúrò mi. Ẹ má fi iyán sílẹ̀. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ yín, torí ọmọ tó bá fẹ́ràn ìyá ẹ̀ ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, ọ́ọ̀tì tó rà yẹn náà dáa, ẹ lè máa fi ṣe oúnjẹ àárọ̀ nígbà míì, ṣùgbọ́n ẹjọ́ iyán kọ́ lèyí, ẹjọ́ ohun tó yí iyán ká ni.

Ẹ jẹ́ ká ronú sẹ́yìn ná. Bàbá tó ń jẹ iyán tó ga bí òkè Olósùnta nígbà yẹn, ó ti fẹsẹ̀ rìn lọ sóko, ó ti kọ ebè, ó ti wa iṣu, ó ti ru ẹrù bọ̀ wálé, ara ẹ̀ ti san owó iyán náà kó tó jẹ ẹ́. Àwa ńkọ́? A jókòó sídìí ọjà láti aago méje àárọ̀, ọ̀kadà gbé wa lọ ó tún gbé wa bọ̀, ẹ̀rọ ló ń gún iyán nílé ẹlòmíì báyìí, ọwọ́ ò kan ọmọ odó mọ́, síbẹ̀ iyán ò dín kù lórí àwo. Ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Ká tún wá jẹ ẹ́ laago mẹ́sàn-án alẹ́ ká lọ sùn lé e lórí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ò ju kí ẹ yí ohun tó wà nínú àwo padà. Bí a ṣe ń jẹun níbí, iyán á kún àwo, ọbẹ̀ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ bí àlejò. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ pọ̀ ju iyán lọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ọjà gan-an ló rọrùn fún jù, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre, ẹbọ̀lọ̀, ewúro, ọwọ́ yín ló wà, ẹ rí i kí wọ́n tó gbé e kúrò lórí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ẹnì kan máa jẹ tó gíráàmù 400 èso àti ẹ̀fọ́ lójúmọ́, ẹ fi ọwọ́ yín wọ̀n ọ́n, ó tó ẹ̀kúnwọ́ márùn-ún, kì í sì í ṣe ẹ̀fọ́ ṣíbí méjì tí epo ti bò mọ́lẹ̀ là ń sọ. Kí ẹja tàbí ẹyin tàbí ẹ̀wà wà ńbẹ̀, kí iyán wá gba ìyókù. Ẹ jẹ ẹ́ lọ́sàn-án tí ẹ ṣì máa dìde rìn, ẹ má dúró dé alẹ́. Ẹ ó rí i pé oorun tó ń kùn yín yẹn á dín kù, torí oúnjẹ tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló sábà máa ń fà á, ṣùgbọ́n tí kò bá dín kù, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ṣúgà yín wò.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ti iyọ̀, ó ń dùn mí lọ́kàn. Ẹ bu ṣíbí tíì kan iyọ̀, kí ẹ fi ọ̀bẹ gé orí ẹ̀ kó tẹ́jú. Gíráàmù 5 nìyẹn. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní àgbàlagbà kan ò gbọdọ̀ jẹ kọjá láti àárọ̀ di alẹ́ nìyẹn, tọbẹ̀ tọbẹ̀, tìndómì tìndómì, tó fi dórí búrẹ́dì. Màgí wá ńkọ́? Nǹkan bí ìdajì màgí iyọ̀ ni, a ó bu iyọ̀ sọ́bẹ̀, a ó tún ju màgí mẹ́rin sí i, a ó tọ́ ọ wò, a ó ní kò tíì dùn. Ahọ́n ló ti bàjẹ́, kì í ṣe ọbẹ̀. Tí ẹ bá dín in kù díẹ̀díẹ̀, màgí kan lọ́sẹ̀ yìí, òmíì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, láàárín oṣù kan sí méjì ahọ́n á ti gbàgbé. Irú ni kí ẹ fi rọ́pò, kí ẹ fi ata, àlùbọ́sà, efinrin àti edé tì í lẹ́yìn, àmọ́ kí ẹ tọ́ irú náà wò nídìí ẹni tó ń tà á kí ẹ tó rà á o, torí àwọn kan máa ń da iyọ̀ sí i kó má bàa bàjẹ́. Epo pupa náà, ẹ má jẹ́ kó gbóná títí táá fi di funfun. Ohun tó mú un pupa yẹn ni ara fi ń ṣe fítámì A tó ń ṣojú lóore, ẹ ti fi iná lé e lọ nìyẹn.

Ìtàn kan wà tó máa ń wù mí tí mo bá ń bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀. Lápá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Finland, agbègbè kan wà tó ń jẹ́ North Karelia, àwọn ọkùnrin wọn ń kú ikú àìsàn ọkàn bí ẹni ń ṣubú lórí òkè, nígbà tí wọ́n ṣì lágbára láti ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1972 dókítà kan tó ń jẹ́ Pekka Puska àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ bá wọn, wọn ò kọ́ ilé ìwòsàn ńlá, inú kíṣìnì ni wọ́n wọ̀. Bọ́tà àti iyọ̀ ni wọ́n ń jẹ jù, ẹ̀fọ́ ò sì wọ́pọ̀ lórí tábìlì wọn. Àwọn ẹgbẹ́ ìyàwó ilé tí wọ́n ń pè ní Martta ló gba iṣẹ́ náà ṣe, wọ́n ń kóra jọ lábúlé, wọ́n ń se oúnjẹ ìlú wọn lọ́nà míì, wọ́n á jọ jẹ ẹ́, olúkúlùkù á gba ilé ẹ̀ lọ fi se. Lẹ́yìn ọdún 25, irú ikú yẹn ti já wálẹ̀ ju ìdajì lọ dáadáa láàárín àwọn ọkùnrin wọn. Oúnjẹ ìlú wọn náà ni wọ́n ṣì ń jẹ o! Ẹ̀yin náà ní ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹ ní ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, lọ́jọ́ tí ẹ bá tún ń se àsè, kí ẹnì kan se ìkòkò ọbẹ̀ kan tí kò ní màgí, kó má sọ fún wọn, kí wọ́n jẹ ẹ́ ná.

Kí ẹ tún ya sọ́dọ̀ télọ̀ kan kó fi tẹ́ẹ̀pù wọn ìbàdí yín, lọ́gangan ìdodo. Fún obìnrin, tó bá ti kọjá íǹsì 31 ààbọ̀, àbí íǹsì 37 fún ọkùnrin, ọ̀rá inú ikùn ti ń pọ̀ jù nìyẹn, ọ̀rá inú ikùn kì í sì í dun èèyàn. Ẹ wọn BP yín pẹ̀lú, ìyẹn bí ẹ̀jẹ̀ yín ṣe ń ru sí. Mo ń bọ̀ wá sọ ìyẹn nísàlẹ̀.

Láti Adó

"Mummy, ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ ọdún 34 ni mí, Bàsírì ni mò ń gbé, ọ̀fíìsì wa wà lápá Fájùyì, orí àga ni mo máa ń wà láti aago mẹ́jọ di márùn-ún. Mo fẹ́ forúkọ sílẹ̀ ní jíìmù kan ṣùgbọ́n owó ẹ̀ wọ́n, mo ń rò ó kí n yáwó kóópù. Fóònù mi ní kí n máa rin ìgbésẹ̀ 10,000 lójúmọ́, mi ò rí ju 3,000 lọ rí, ó ti sú mi, mo ti pa á. Kò síbi tó ń dùn mí ṣá o, ẹ̀yìn nìkan, mo sì máa ń pẹ́ sùn nítorí bọ́ọ̀lù."

Ọmọ mi, má yáwó torí jíìmù. Fi owó kóópù sílẹ̀.

Nílùú London láyé ìjọhun, bọ́ọ̀sì alájà méjì ni wọ́n ń wọ̀, bọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ní dẹ́rẹ́bà àti kọ̀ńdọ́kítọ̀. Dẹ́rẹ́bà á jókòó sójú kan láti àárọ̀, kọ̀ńdọ́kítọ̀ á máa gòkè á máa sọ̀ lórí àtẹ̀gùn inú bọ́ọ̀sì nítorí owó tíkẹ́ẹ̀tì. Dókítà kan tó ń jẹ́ Jerry Morris wá ṣàyẹ̀wò wọn, ó tẹ èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 1953, ó bá a pé àìsàn ọkàn tó ń mú àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ kéré gan-an sí ti àwọn dẹ́rẹ́bà. Ọ̀gá kan náà, bọ́ọ̀sì kan náà, ìlú kan náà, àtẹ̀gùn ni ìyàtọ̀. Kò sí jíìmù ńbẹ̀. Morris fúnra ẹ̀ di ẹni tí kì í jókòó jẹ́ẹ́, ó ń rìn, ó ń lúwẹ̀ẹ́, ẹni ọdún 99 ni nígbà tó kú lọ́dún 2009.

Ti ìgbésẹ̀ 10,000 yẹn, má jẹ́ kó pa ọ́ láyọ̀. Ilé iṣẹ́ kan ní Japan ló ṣe ẹ̀rọ tó ń ka ìgbésẹ̀ lọ́dún 1965, wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ tó túmọ̀ sí ẹ̀rọ ìgbésẹ̀ 10,000 kó lè tà, dókítà kankan ò kọ ọ́ sílẹ̀ fún èèyàn bí ìlànà. Lọ́dún 2019 àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, I-Min Lee ló ṣáájú wọn, tẹ̀ lé àwọn ìyá àgbà tí ọjọ́ orí wọn tó nǹkan bí ọdún 72, wọ́n bá a pé àwọn tó ń rin nǹkan bí 4,400 lójúmọ́ ò kú bí àwọn tó ń rin 2,700, àǹfààní ẹ̀ ń pọ̀ sí i títí dé nǹkan bí 7,500. Ìwọ tó ń rin 3,000, o ò jìnnà rárá. Tan fóònù náà padà.

Báyìí ni kó o ṣe é. Láti Bàsírì lọ sí Fájùyì, fẹsẹ̀ rìn ín láàárọ̀ tí oòrùn ò tíì mú, tó bá ṣe ọ́ bákan láti dé ọ̀fíìsì pẹ̀lú òógùn, àárọ̀ ni kó o gun ọ̀kadà kó o rìn bọ̀ nírọ̀lẹ́. Ohun tí wọ́n ní kí àgbàlagbà máa ṣe kò ju ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ lọ, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ márùn-ún, ìrìn tó yá díẹ̀, tó o lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tó ò lè kọrin. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, má padà sórí àga lójú ẹsẹ̀, rìn yípo fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á lọ síbi iṣẹ́ dípò kó dúró sójú kan. Tí ẹnì kan bá pè ọ́ lórí fóònù, dìde dúró. Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ yẹn, àga ló ń bá ọ sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kó o máa jókòó kó o máa dìde lórí àga láìfọwọ́ tì í, bíi mẹ́wàá, sinmi, tún un ṣe, iṣan itan àti ẹ̀yìn á le.

Mínírà tí ẹ fi ń ti mẹ́ẹ̀tì páì lẹ́yìn lọ́sàn-án, ṣúgà tó wà nínú ìgò 50cl ọ̀pọ̀ nínú wọn lé ní ṣíbí tíì mẹ́wàá. Omi ni kó o mu. Bọ́ọ̀lù náà, èmi ò lòdì sí i, ṣùgbọ́n àgbàlagbà nílò oorun tó tó wákàtí méje ó kéré tán, ẹni tó ń sùn wákàtí mẹ́rin lójoojúmọ́, ebi á máa pa á kọjá ààlà, BP ẹ̀ á máa gòkè, á sì rò pé ìnira iṣẹ́ ni. Máa wo èsì ẹ̀ láàárọ̀.

Láti Ifákì

"Màmá, awakọ̀ ni mí, gáréèjì Ifákì ni mo ti ń gbé èrò. Mo ti pé ọdún 49, láti ọmọ ogún ọdún ni mo ti ń mu sìgá. Mo máa ń wúkọ́ láàárọ̀ ṣùgbọ́n kò síbi tó ń dùn mí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ó ti pẹ́ jù, pé ohun tó bàjẹ́ ti bàjẹ́, kí n kúkú máa gbádùn ara mi. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Bẹ́ẹ̀ kọ́ o, ọmọ mi, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, inú mi sì dùn pé o béèrè. Lọ́dún 1951 Richard Doll àti Austin Bradford Hill kọ̀wé sí àwọn dókítà ní Britain, wọ́n bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n ń mu sìgá, wọ́n sì tẹ̀ lé àwọn ọkùnrin tó lé ní 34,000 nínú wọn fún àádọ́ta ọdún, wọ́n ń kọ ẹni tó kú àti ohun tó pa á sílẹ̀. Ẹni tó ń mu ún títí kú ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú ẹni tí kò mu ún. Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí tó kàn ọ́: ẹni tó fi í sílẹ̀ lọ́mọ 60 rí ọdún mẹ́ta gbà padà, ẹni tó fi í sílẹ̀ lọ́mọ 50 rí bíi mẹ́fà, ti ọmọ 40 rí mẹ́sàn-án, ti ọmọ 30 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí gbogbo ẹ̀ gbà. O ti pé 49. Ọdún mẹ́fà ń dúró dè ọ́ lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ sì ní kó o wakọ̀ kọjá ẹ̀.

Àwọn àkókò kan wà tí ọwọ́ ẹ máa ń wá sìgá, ìwọ lo mọ̀ ọ́n, bóyá lẹ́yìn tíì, bóyá tó o bá ń dúró kí ọkọ̀ kún. Sọ fún àwọn tẹ ẹ jọ wà ní gáréèjì pé o ti fi í sílẹ̀, kí wọ́n má fún ọ, kó o sì fi orín sápò, tí ọwọ́ bá ti fẹ́ lọ, orín ni kó bá. Tó o bá ṣubú lọ́sẹ̀ kejì, bẹ̀rẹ̀ padà, ọ̀pọ̀ àwọn tó fi í sílẹ̀ ló gbìyànjú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ikọ́ yẹn ńkọ́? Ikọ́ tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ẹ̀ wò bóyá ikọ́ ife ni, ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn ẹ̀ nílé ìwòsàn ìjọba. Lọ lọ́sẹ̀ yìí.

Láti Ìlawẹ̀

"Ẹ kú ọjọ́ mà. Ìyàwó ilé ni mí, a máa ń sá gàrí àti ẹ̀lùbọ́ sétí títì. Mo ra ike onídèérí láti máa kó gàrí sí, ìyá ọkọ mi ní ṣe ni mò ń ṣe fáàrí, pé eku tó ń jẹ gàrí ti wà kí wọ́n tó bí mi, kò pa ẹnì kankan. Kí ni kí n sọ fún wọn?"

Kò sóhun tí wàá sọ, ìyàwó wa, máa dé e lọ. Fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún wọn pé kí gàrí má bàa rọ̀ ni, òótọ́ náà ni. Ibà Lassa, abúlé Lassa ní Borno ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n lọ́dún 1969, nọ́ọ̀sì ni méjì nínú àwọn tó kọ́kọ́ pa, mi ò lè gbàgbé ìyẹn láéláé. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ilé kan tó ní ọmú púpọ̀ ló ń gbé e, tó bá tọ̀ sórí gàrí, ojú ò ní rí i. Òndó tó wà nítòsí wa yìí wà lára ibi tó ti ń ṣọṣẹ́ jù, Èkìtì náà sì ń rí i. Ẹ gbé ohun tí ẹ ń sá kúrò létí títì, orí ibi tó ga nínú àgbàlá ló yẹ kó wà, kí ẹnì kan máa ṣọ́ ọ, kí ẹ kó o wọlé kílẹ̀ tó ṣú. Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ kí ẹ tó jẹun. Ẹni tí ibà mú tó lo oògùn ibà tí kò lọ, kó má jókòó sílé.

Láti ọ̀dọ̀ ọmọ ìyá kan ní Ìdó

"Màmá wa, ẹ kú àtìlẹyìn. Adó ni mò ń gbé, mo ti pé 46, ìyá mi wà ní Ìdó, ọdún 74, àwọn nìkan ni wọ́n ń gbé látìgbà tí bàbá wa ti kú. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, dókítà fún wọn ní oògùn lọ́dún tó kọjá, ìgbà tí mo lọ sílé mo bá oògùn oṣù mẹ́ta lábẹ́ ìrọ̀rí. Mo ní Mọ̀ọ́mì kí ló dé, wọ́n ní kò síbi tó ń dùn àwọn, àwọn ti san, pé àgbo làwọn ń mu, oògùn òyìnbó lójoojúmọ́ á ba kídìnrín jẹ́. Tí mo bá pè wọ́n wọ́n á ní ara le. Kí ni mo lè ṣe? Ẹ̀rù ń bà mí."

Ọmọ mi, ẹ̀rù náà bà mí bí mo ṣe ń kà á. Ohun tí mi ò kọ síbí rí ni mo fẹ́ sọ.

Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi. Lọ́dún 1991 wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ wọn ti ru, wọ́n fún wọn ní oògùn, wọ́n lò ó fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin, ara dá wọn, wọ́n sọ fún ìyá mi pé àwọn ò ní máa jẹ oògùn bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Nọ́ọ̀sì ni mí nígbà yẹn, mò ń wọn BP bàbá onílé bàbá lójoojúmọ́. Tí mo bá délé, mo máa ń kúnlẹ̀, mo máa ń ní Bàbá ṣé ara le, wọ́n á ní ara le ọmọ mi, a ó wá máa sọ ti oko. Mi ò béèrè ìbéèrè kejì rí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá wọ́n fẹ́ so okùn ṣòkòtò, ọwọ́ ọ̀tún ò gbọ́ tiwọn. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta ni wọ́n lò lórí ẹní, tí wọ́n mọ gbogbo wa tí wọn ò lè pe orúkọ ẹnì kankan.

Ìbéèrè kejì yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ máa bi ìyá yín. Ẹ má bi wọ́n pé ṣé ara le, gbogbo ìyá Èkìtì ló ní èsì ìyẹn lẹ́nu. Ẹ bi wọ́n pé, Mọ̀ọ́mì, èló ló kọ lónìí?

Ẹ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn BP, èyí tí wọ́n ń so mọ́ apá, ẹ má ra tọrùn ọwọ́. Kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, kí wọ́n ti tọ̀, kí wọ́n ti jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ̀rọ̀, kí ẹ̀yìn fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì ní déédéé àyà. Tí nọ́ńbà òkè bá tó 140 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí tìsàlẹ̀ bá tó 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó ń rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó yàtọ̀ síra, ó ti ga nìyẹn, bí wọ́n tiẹ̀ ń jó. Ẹ ra ìwé ìkọ̀wé kékeré kan, ọmọ aládùúgbò tó bá mọ̀ ọ́n kà ni kó máa kọ ọ́ sínú ẹ̀, ẹ máa fún un lówó bisikíìtì.

Oògùn náà, ẹ so ó mọ́ ohun tí wọn kì í gbàgbé. Mo mọ̀ pé ìyá ẹni ọdún 74 ní Ìdó ò ní ṣàì gbàdúrà àárọ̀, ẹ gbé oògùn síbi tí Bíbélì àbí tẹ̀sùbáà bá wà, kí ìkan má kúrò ńbẹ̀ láìsí èkejì. Ohun tí wọ́n sọ nípa kídìnrín, ẹ má bínú sí wọn, ẹ kàn ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n fi sílẹ̀ ló ń ba kídìnrín jẹ́, oògùn ló ń dáàbò bò ó. Èyí tó tún ń ba kídìnrín jẹ́ ni oògùn ara ríro tí wọ́n ń rà nídìí kẹ́míìsì láìsí pé dókítà kọ ọ́, díkílófẹ́náàkì àti ìbúpùrófẹ́ẹ̀nì, wọ́n tún máa ń ti BP sókè. Ẹ wo abẹ́ ìrọ̀rí dáadáa, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí wọn ńbẹ̀. Àgbo náà, ẹ má ká a mọ́ wọn lọ́wọ́ bí olè, ẹ ní kí wọ́n gbé ìgò ẹ̀ lọ han dókítà, torí ó lè máa bá oògùn jà. Tó bá jẹ́ owó oògùn ló fà á tí wọ́n fi ń pa á mọ́ tí ojú sì ń tì wọ́n láti sọ, ẹ fi ọgbọ́n wádìí. Èyí tó dínwó wà, dókítà lè yí i padà fún wọn.

Ohun kejì ni dídá gbé. Látìgbà tí bàbá yín ti lọ, ta ni ń bá wọn jẹun? Mi ò sọ ọ́ láti dá yín lẹ́bi o. Lóṣù kọkànlá ọdún 2023 Àjọ Ìlera Àgbáyé yan ìgbìmọ̀ kan torí ọ̀rọ̀ àdáwà nìkan, torí wọ́n rí i pé ó ń bá ara jà bí àìsàn ṣe ń bá a jà. Àgbà tí kò rẹ́ni bá jẹun kì í se ọbẹ̀, gàrí ni á rẹ, á sùn. Ẹ bá ẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì àbí mọ́ṣáláṣí sọ̀rọ̀ kí wọ́n máa wá pè wọ́n, kí wọ́n jọ máa rìn lọ rìn bọ̀, ìrìn náà á ṣe wọ́n láǹfààní, ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà náà á ṣe wọ́n láǹfààní. Ẹ tan iná sọ́nà balùwẹ̀, kí ẹ wo ilẹ̀ ibẹ̀ bóyá ó ń yọ̀, ìṣubú kan lè dá itan àgbà, ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti ń yí padà.

Kí ọmọ aládùúgbò yẹn mọ èyí pẹ̀lú: tí ẹnu wọn bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí apá kan ò gbé sókè, tí ọ̀rọ̀ wọn bá ń fà, kó má fún wọn lómi, kó má fún wọn ní àgbo, kó ké sí àgbàlagbà kó gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kó sì wo aago ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, dókítà á béèrè.

Lọ́jọ́ Sátidé yìí, kí ẹ gbé ẹ̀rọ náà lọ sí Ìdó fúnra yín. Ẹ jókòó níwájú wọn, tiyín ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n kí wọ́n rí i, kí ẹ tó so ó mọ́ apá wọn. Ẹ sọ ti ìyá yín fún mi pátá nínú lẹ́tà yín, ẹ sọ pé ẹ ti pé 46, ẹ ò sọ èló ni BP tiyín. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì ránṣẹ́ sí mi, mo ń retí ẹ̀.